Ẹ Má Bèèrè Ìtàn, Ẹ Bèèrè Agogo: Bí Ẹ Ó Ṣe Kó Ìtàn Ilé Ẹ̀kọ́ Bàbá Yín Jọ

Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Utako nílùú Abuja, nítòsí àwọn gáréèjì tí ọkọ̀ Èkó ti ń gbéra, ohun tí mo sì ń tẹ̀ jù ni ìwé ètò ìsìnkú. Ọmọ olóògbé á jókòó síwájú mi, màá bi í pé ọdún wo ni Dádì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ta ni ọ̀rẹ́ wọn níbẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí. Á wòkè, á wolẹ̀, á ní kí n ṣáà kọ ọ́ pé "wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Èkó." Ọdún márùn-ún gbáko nínú ayé èèyàn, ìlà kan péré!

Nítorí náà, mi ò janpata nígbà tí bàbá mi pè mí láti Kubwa lọ́jọ́ Sátidé kan pé àwọn ọmọ Finbarr's tó wà ní Abuja fẹ́ ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ilé ẹ̀kọ́ wọn, òun sì ti sọ fún wọn pé ọmọ òun obìnrin ni yóò ṣe é. Wọn ò bi mí o. Wọ́n ti sọ, ó ti parí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, láàrin ìsìnkú kan sí òmíràn. Látìgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde míì ti ń wá bá mi, láti Kaduna, láti Jos, gbogbo wọn ló sì ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Ohun tí mo ṣe nìyí, àti ibi tí mo ti gbé e gbòdì.

Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ewé kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn lé lórí sí i. Ti St. Finbarr's kò ṣòro. January 1956 ni ó bẹ̀rẹ̀, ní Èkó. Fáda Denis Slattery ló dá a sílẹ̀, ọmọ Ireland tó wá láti Fermoy ní ìpínlẹ̀ Cork, ọ̀kan lára àwọn Fáda SMA, ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon nílẹ̀ Faransé ní 1856. Akoka ni ọgbà rẹ̀ wà dòní. Ẹ̀kọ́ girama àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n jọ ń kọ́ wọn pọ̀ níbẹ̀. "Fidelitas" ni àkọlé tó wà lára báàjì, èdè Látìnì ni, ìdúróṣinṣin ló túmọ̀ sí. Ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ ìjọ Àgùdà pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì dá a padà ní 2001.

Orúkọ náà gan-an jẹ́ ìtàn. Bíṣọ́ọ̀bù ni Finbarr ayé àtijọ́, òun ni ẹni mímọ́ tí àwọn ará Cork gbẹ́kẹ̀ lé, 25 September ni ọjọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọkùnrin tó ti Cork wá ló gbé ẹni mímọ́ ìlú rẹ̀ wá sí Èkó, bí ìgbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú dé Kánò tó kọ "Obanta" sára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún bàbá mi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi gbé báàjì yẹn sáyà, wọn ò mọ̀ pé àárò ilé ló wà nídìí orúkọ náà. Èmi ni mo pè é ní àárò ilé o, Fáda ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ojú ewé kan yìí ni ẹ ó máa mú lọ sílé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí òpó ìsáṣọ ló rí, orí rẹ̀ ni ẹ ó máa fi gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ kọ́.

Fún ìwé tó ti pẹ́, ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò. Àwọn Fáda SMA ti Ireland ní ilé wọn ní Blackrock Road ní Cork, wọ́n ń tọ́jú ìwé àti àwòrán, wọ́n sì kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn Fáda wọn tó ti kú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú tó ní ìbéèrè kan tàbí méjì, ẹ má ní kí wọ́n "fi gbogbo ohun tí ẹ bá ní ránṣẹ́." Ilé Ìkówèépamọ́ ti Orílẹ̀-Èdè (National Archives) náà wà, ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà yunifásítì, òun ló yẹ ilé ẹ̀kọ́ tó bá wà ní Èkó tàbí ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ apá Òkè Ọya ni tiyín, Kaduna ni kí ẹ kọrí sí. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kubwa, ẹ sọ̀ ní Rigasa. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bírò, ẹ sì mú sùúrù.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin ará Kaduna: orúkọ ti yí padà. Ìyá kan tó ń ra káàdì ìgbéyàwó lọ́wọ́ mi sọ pé ọkọ òun lọ sí St. John's, ọmọ rẹ̀ sì ní rárá, Rimi ni Dádì lọ. Wọ́n fẹ́ẹ̀ bá ara wọn jà níwájú mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni! St. John's College tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Kaduna ní 1949 ló di Rimi College. Bákan náà ni Queen of Apostles ti àwọn obìnrin ní Kakuri ṣe di Queen Amina. Orúkọ méjèèjì ni kí ẹ máa wá nínú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì ìtàn yín á bọ́ sọnù.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa ìwé. Ẹnu àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ wà.

Bàbá tí mo kọ́kọ́ lọ bá ń gbé Gwarinpa. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ yín fún mi." Bàbá tún fìlà dé, wọ́n wúkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí pèpéle ìbúra. Ogójì ìṣẹ́jú! Ilé ẹ̀kọ́ wọn ni iná tó ń tan ìmọ́lẹ̀, ó kọ́ wọn ní ọmọlúàbí, òun ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n dà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ẹ ò lè gbé fún ilé ẹ̀kọ́ míì kó bá a mu. Mo ti ń kó ẹrù mi nígbà tí mo kàn bi wọ́n pé, "Ẹ sà, ta ló máa ń lu agogo?"

Bàbá tún jókòó. Fìlà kúrò lórí. Wọ́n sọ ìró agogo náà fún mi, wọ́n fi ẹnu ṣe é. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n máa ń dé lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ, tí wọ́n á wá bọ́ bàtà sí ọwọ́ kí wọ́n lè sáré dáadáa. Wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jọ ń sáré. Orúkọ ẹni náà jáde, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ó ti lọ." Wákàtí kan àbọ̀ ni mo tún lò níbẹ̀, ìyàwó wọn gbé ẹ̀bà wá.

Látọjọ́ náà ni mi ò ti bèèrè ìtàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn ni mo ń bèèrè. Ta ló lu agogo? Kí ló wà nínú àpò yín láàárọ̀, èló ni, kí lẹ fi rà? Ta ló ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, kí lẹ ń pè é? Ta ló jókòó lápá ọ̀tún yín ní fọ́ọ̀mù tú? Níbo ni ẹ máa ń sá pamọ́ sí tí òjò bá dé? Kí ni ìyá yín sọ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́? Kí ni ìnagijẹ olùkọ́ ìṣirò? Ìnagijẹ lágbára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bàbá tó bá gbàgbé orúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀, kò ní gbàgbé ìnagijẹ olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé o, ọmọ olùkọ́ lè wà ní Abuja níbí.

Orin ńkọ́? Ẹ má ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á kọ ìlà méjì, wọ́n á há. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ lórin. Ẹnu mọ ohun tí ọwọ́ ò mọ̀.

Àlàájì ni bàbá mi. Jímọ̀ kan kò gbọdọ̀ bá wọn nílé. Síbẹ̀ nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń sọ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pa ojú dé, wọ́n sì ka "Pater noster, qui es in caelis," àdúrà "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run" ní Látìnì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láì ṣi ẹyọ kan. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, wọ́n mú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní, "Àlàájì, kí ni mo ń gbọ́?" Ọdún kejìléláàádọ́ta tí wọ́n ti fẹ́ra nìyẹn, ìyá mi ò gbọ́ ọ rí. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ Àgùdà ní Èkó. Aláàfin Lamidi Adeyemi Kẹta pàápàá, St. Gregory's ní Obalende ni wọ́n lọ, ilé ẹ̀kọ́ Àgùdà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ orí tó jẹ mọ́ àdúrà, ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ Máàsì nìkan.

Látìnì bàbá mi tún wúlò fún nǹkan míì. Ìpàdé Vatican Kejì, ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà gbogbo ayé, parí ní 1965, ìgbà yẹn náà ni Máàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní Látìnì bọ́ sí èdè tí ará ìjọ gbọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lórí ní Látìnì, ó ṣeé ṣe kó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú àsìkò yẹn. 1963 ni bàbá mi wọlé, ó bọ́ sí i.

Torí àgbàlagbà kì í sábà rántí ọdún, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà ló máa ń rántí. Mo lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé mi tí mo fi ń díwọ̀n: ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ọjọ́ tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sí ọ̀tún, 2 April 1972, ọjọ́ tí náírà dé, 1 January 1973, FESTAC, 1977, ọdún tí JSS bẹ̀rẹ̀, 1982. Tí bàbá bá ní tọ́rọ́ lòún fi ń ra ẹ̀wà, tàbí sísì ni owó ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé náírà ò tíì dé nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún "kọ́bọ̀" ṣá. Yorùbá ti ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀ kí kọ́bọ̀ ìjọba tó dé, ó sì ti ṣì mí lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ibi tí ẹ ti máa gbọ́ irọ́ jù. Mi ò bá wọn wí. Ilé ẹ̀kọ́ tí Henry Nwosu àti Stephen Keshi ti jáde, ta ni ò ní fẹ́ sọ pé òun náà gbá bọ́ọ̀lù? Olùdásílẹ̀ wọn pàápàá, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald, rẹfirí ni. Fáda tó ń fọn fèrè lórí pápá! Bàbá kan tó parí ní 1971 sọ fún mi pé òun àti Keshi jọ wà nínú tíìmù, òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù fún un. Keshi tó jẹ́ kápítẹ́ènì Super Eagles nígbà tí wọ́n gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1994, tó tún jẹ́ kóòṣì wọn nígbà tí wọ́n gbà á ní 2013, 1962 ni wọ́n bí i. Mo ṣírò rẹ̀ sábẹ́ tábìlì: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ má ja irú bàbá bẹ́ẹ̀ níyàn, àgàgà tí ìyàwó àti àwọn ọmọ bá wà níbẹ̀. Ẹ kàn bi wọ́n léèrè ohun tó sún mọ́ ilẹ̀. Mo ní, "Sà, ta ló wà ní góòlù lọ́dún yẹn?" Wọ́n dárúkọ rẹ̀. "Ta ló wà lẹ́yìn?" Wọ́n dárúkọ méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni tíìmù tó jẹ́ tiwọn gan-an yọ jáde, ẹni mọ́kànlá, wọ́n sì gbé àwòrán kan jáde láti abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ní, "Ó jọ pé àbúrò mi ló bá Keshi gbá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Ẹ má jókòó ti ìran kan ṣoṣo. Ẹ wá ẹni tó lọ nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn Fáda, ẹ wá ẹni tó lọ nígbà tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ẹ sì wá ọmọdé tó wọlé lẹ́yìn 2001. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mọ̀, àṣà nìyẹn. Ní Finbarr's, òfin mẹ́rin ni mo fi mọ̀. Bàbá Gwarinpa kà á fún mi. Ọkùnrin Igbo kan ní Nyanya, tó ń fi Yorùbá Ebute-Metta bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé kò kúrò níbẹ̀ rí, kà á fún mi. Ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Wuse kà á fún mi. Ẹni tó bá jalè, lílé ni. Ẹni tó bá jí ìwé wò nínú ìdánwò, lílé ni. Ẹni tó bá jáde kúrò nínú ọgbà lásìkò ẹ̀kọ́ láìgbàṣẹ, lílé ni. Ẹni tí wọ́n bá ká sìgá tàbí oògùn olóró mọ́ lọ́wọ́, lílé ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló to tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fi ìka kà á, ohùn kan náà ni wọ́n sì fi ń pe "lílé." Òun ni mo fi ṣe orí kìn-ín-ní.

Bàbá kan sọ fún mi nípa ọ̀kan nínú òfin wọ̀nyẹn tí òun rú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ títí dòní. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n wo fóònù. Mo pa á. Kò sí nínú ìwé, kò sì sí níbí.

Ní ti fóònù, ẹ gbọ́ àṣìṣe mi. Ìgbà kejì tí mo jáde, NEPA mú iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo sì gbé fóònù sórí tábìlì tí fáànù dojú kọ. Nígbà tí mo délé tí mo tẹ́tí sí i, atẹ́gùn àti ẹ́ńjìnnì ni mo gbọ́, bàbá ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ jókòó sí fàráǹdà, ẹ fi aṣọ inura tó ti ká sábẹ́ fóònù, kí ó má ba à máa gbọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ lu tábìlì. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ fi ohùn náà pa mọ́ sí ibi méjì. Ẹ má lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ó kàn gbọ́ híhanrun ni.

Àwòrán: bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ álúbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á. Ẹ fi fóònù ya á níbi tó wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí kì í ṣe oòrùn gangan. Èyí tó bá ṣí wálẹ̀, ẹ ṣe é ní skáànù ní 600 dpi tó bá kéré, 300 tó bá tóbi. Ẹ máa yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni orúkọ sábà máa ń wà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́, ó máa ń fún un pọ̀ títí ojú á fi di ìdọ̀tí. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì. Mo kọ èyí sínú ìwé kékeré kan fún àwọn bàbá náà. Àwọn ọmọ wọn ló ṣe é.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tán lọ́tọ̀, ẹ wá kó méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ o, torí ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ló máa sọ ìtàn gbogbo wọn. Mo kó bàbá mi àti Bàbá Gwarinpa jọ sí Kubwa, mo gbé àwòrán kíláàsì kan síwájú wọn, mo sì dákẹ́. Wọ́n jà lórí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún ogún ìṣẹ́jú. "Ìwọ yìí, ojú ẹ ò ríran láti kékeré!" Àádọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn méjèèjì. Ibi ìjà yẹn ni mo ti rí orúkọ méje.

Títẹ̀ rẹ̀ kò le. Ìwọ̀n A5, bébà 80 gíráàmù nínú, kọ́bà tó nípọn. Tó bá jẹ́ píìnì ni ẹ fẹ́ fi dè é láàrin, iye ojú ewé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin, ìyẹn 32, 36, 40. Ẹgbẹ́ kan kó 38 wá fún mi, wọ́n ń bínú pé mo fẹ́ gbowó àfikún. Rárá o, bí bébà ṣe ń ká nìyẹn. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ka orúkọ kọ̀ọ̀kan sókè fún ẹni méjì. Tí ẹ bá ṣi orúkọ òkú kọ, ìyàwó rẹ̀ á pè yín.

Tiwa jẹ́ 38 náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi ojú ewé méjì kún un lẹ́yìn, láì kọ nǹkan kan sí i, ó di 40. Bàbá mi ti kọ tiwọn kún. Orúkọ àwọn tó jókòó ní ìlà wọn ní fọ́ọ̀mù tú ni wọ́n kọ, láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ẹni mẹ́jọ. Àlàfo kan wà láàrin ìkẹta àti ìkarùn-ún, wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i. Wọ́n ní kí n má fi bírò kọ nǹkan kan síbẹ̀, àwọn ṣì máa rántí rẹ̀.